Méjìlá Nínú Ẹgbẹ̀rún

Ó ń kan páìpù. Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo gbá mú nínú gbogbo ohun tí Pẹ̀lẹ́ ń wí lórí fóònù. Ilẹ̀ ti ya, bíríkì ti wó, ọkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀, wọn ò rí i, wọn ò gbọ́ ohùn ẹ̀, àmọ́ ó ń kan páìpù. Mo ní, "Ṣé kò yẹ kó o fi ìyẹn ṣáájú ni, ìwọ ọmọkùnrin yìí? O fẹ́ kí n kú sórí ìdúró!" Mo ti ń sáré kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń wá ibi tí páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ń jò, òun ló máa ń wọlé lọ dí i. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Elétí-Ọfẹ nìyẹn, kì í ṣe pé mo máa ń yọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́ o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kó wá bá mi. Pẹ̀lẹ́ lẹni kejì mi nídìí iṣẹ́ náà. Orúkọ ẹ̀ rò ó: bí iná bá ń jó o, á kọ́kọ́ bi iná bóyá ó jí ire.

Páìpù ọjọ́ náà gbórín. Wọ́n fi bíríkì kọ́ ọ̀nà yí i ká lábẹ́ títì, ọ̀nà téèyàn lè bẹ̀rẹ̀ gbà, igba mítà sì ni gígùn ẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lọkọ mi gbà wọlé. Ihò kejì wà lópin, àmọ́ orí páìpù nìkan lèèyàn lè fọwọ́ kàn níbẹ̀, kọnkéré ti dí ọ̀nà. Bíríkì wá wó lẹ́yìn ọkọ mi lẹ́yìn tó ti wọlé. Àwọn tó gbìyànjú láti tọ̀ ọ́ lọ, ṣe ni wọ́n sá jáde, torí iyẹ̀pẹ̀ ò dẹ́kun àti máa wó. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó rìn dé nínú igba mítà yẹn.

Ẹnjiníà, ọ̀gá wa, mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn dáadáa ni, kì í purọ́ fún òṣìṣẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ lè tó wákàtí mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá ṣàánú, a sì ti jẹ nínú ẹ̀. Ó ní katapílà kan ló wà nítòsí, yóò sì gbà tó wákàtí kan kó tó gbẹ́lẹ̀ débi tí páìpù wà. "Ẹ̀ẹ̀kan la lè gbẹ́ ẹ," ó wí. "Bá wa wá ibi tó wà." Omi bọ́ lójú mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kúrò. Ẹkún ò kán mi lójú nígbà yẹn.

Bá a ṣe ń wá a rèé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, kò le. A ní ẹ̀rọ kan tó ní etí méjì. A ó so etí kan mọ́ páìpù níhìn-ín, a ó so ìkejì mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Bẹ́nì kan bá kan páìpù láàárín, ìró á lọ sápá ọ̀tún, á lọ sápá òsì. Bó bá jẹ́ àárín gbùngbùn ló wà, etí méjèèjì á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá sún mọ́ apá kan, etí apá ibẹ̀ lá kọ́kọ́ gbọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kéré gan-an, èèyàn ò tí ì ṣẹ́jú tán ni yóò ti kọjá. Ẹ̀rọ wa gé sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ó ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Nínú páìpù yẹn, ẹyọ méjì túmọ̀ sí pé mítà kan lẹni náà fi kúrò láàárín. Ẹyọ mẹ́rin, mítà méjì. Ó parí.

Èmi ni mo wọ ihò ìparí lọ di etí kan mú, torí ojú ibẹ̀ ti dípẹtà, etí náà kọ̀, kò dúró. Pẹ̀lẹ́ di èkejì mú níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ wà. Mo fi àgbọ̀n mi ti páìpù. Mo gbọ́ ọ! Kò, kò, kò. Ó dákẹ́. Kò, kò, kò. Ọkọ mi nìyẹn, ẹni tí mo bá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé ó fi tówẹ̀lì tútù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Máa kàn án, olówó orí mi, má dákẹ́ o, tówẹ̀lì ọgọ́rùn-ún ni kó o máa kó síbẹ̀." Pẹ̀lẹ́ pè mí lórí fóònù pé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀: méjìlá, etí tòun ló kọ́kọ́ gbọ́. Mo gé e sí méjì lọ́kàn mi. Mítà mẹ́fà sí àárín, lápá ìbẹ̀rẹ̀. Ara mi fúyẹ́, mo wá àkàbà tí mo fi máa gòkè.

Mi ò tí ì yọ orí tán tí mo fi gbọ́ ariwo katapílà. Inú mi dùn, mo ní Pẹ̀lẹ́ tiẹ̀ yára lónìí. Mo wá ń rìn bọ̀ lójú títì, mo dé ibi tí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí láàárín, mi ò rí katapílà. Mo wo iwájú. Ibi tó wà jìnnà réré, níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, eruku ń sọ lálá.

Bàbá ọkọ mi ló dúró síbẹ̀, ó fi ọ̀pá ẹ̀ tilẹ̀, ó ń nawọ́ sí awakọ̀ katapílà pé kó máa gbẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Òun ló ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí kí n tó ṣe é. Ní ọgbọ̀n ọdún, kò sí páìpù tó jò tí kò rí. Ọ̀pá igi kan báyìí ló máa ń fi sétí gbọ́ ọ, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Ọ̀pá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi. Bó ṣe gbọ́ pé ọmọ òun wà lábẹ́ ilẹ̀, ó gbé bàtà wọ̀, ó dé, gbogbo èèyàn sì yà fún un lọ́nà. Ta ni kò ní yà?

Mo sáré bá Pẹ̀lẹ́. "Méjìlá lo wí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Méjìlá ni."

"Kí wá ni wọ́n ń wá níwájú oníbàtà?"

"Bàbá ló ní ọgọ́ta mítà ni."

"Ọgọ́ta mítà báwo? Ìwọ ńkọ́, o ò lẹ́nu ni?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n dúró dè yín. Bàbá ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí Bàbá ń lò mọ́ ọ̀pá láyé tiẹ̀, ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ló ń gé sẹ́kọ́ńdì sí. Lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà márùn-ún. Gbogbo òṣìṣẹ́ ayé ọjọ́un ló mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ọmọ wọn: wo nọ́ńbà, sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, lọ gbẹ́ ẹ. Bàbá gbọ́ méjìlá, ó sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di ọgọ́ta. Ohun tó ti ṣe fún ọgbọ̀n ọdún láìṣìnà nìyẹn. Ẹ̀rọ tuntun yìí dé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Mo kúnlẹ̀ lórí eruku níwájú ẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ ní kí katapílà dúró. Mítà mẹ́fà ni, kì í ṣe ọgọ́ta. Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí tiyín, ẹgbẹ̀rún ló ń—"

"Ìyàwó wa, dìde nílẹ̀."

"Bàbá, ibí kọ́ ló wà!"

"Mo ní dìde!" Ohùn ẹ̀ gbọ̀n. Mi ò gbọ́ kí ohùn ẹ̀ gbọ̀n rí. "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. O rò pé mo wá ṣeré? Ìṣẹ́jú kan tí a bá fi dúró, èémí ẹ̀ la ń jẹ."

Ẹnjiníà sún mọ́ wa. Mo ní kó gbà mí. Ó wo Bàbá, ó wo èmi, ó ń fọwọ́ pa irun orí. Nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé níbi iṣẹ́, Bàbá ló ń mú un kiri títì. Oníbàtà tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ó ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Mo yíjú sí i. "Ìjókòó kọ́ lọkọ mi wà, abẹ́ ilẹ̀ ló wà! Ẹ lọ máa lẹ bàtà yín jàre!"

"Ìyàwó," Bàbá wí, jẹ́jẹ́ báyìí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, "bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Má dójú tì mí níta gbangba. Lónìí kọ́."

Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, Bàbá ò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Bí mo bá ń bá ọkọ mi jà, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wà. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ katapílà tó ń lọ tó ń bọ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń kún ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ débẹ̀ tán, bíríkì òfìfo ni wọ́n máa bá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí wákàtí tó kù.

Ni mo bá fò sínú kòtò náà.

Èèyàn pariwo. Awakọ̀ fa ọwọ́ katapílà dúró lókè orí mi, iyẹ̀pẹ̀ dà sí mi lọ́rùn. Ó ń bú mi, ó bú ìyá mi pẹ̀lú, ó tọ́ sí mi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn. Wákàtí mẹ́ta tí Ẹnjiníà wí, bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá tún gé ìyẹn bí ẹ̀rọ wa ṣe ń gé e, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fọ́kọ mi, méjìlá péré nínú ẹ̀ ló sì lè sọ ibi tó wà, a wá lọ ṣi méjìlá yẹn kà. Mo pariwo látinú kòtò: "Ẹ pa á! Ẹ pa katapílà yẹn kó dákẹ́! Ìṣẹ́jú méjì péré! Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹ bò mí mọ́bí!"

Ẹnjiníà ló ní kí wọ́n pa á. Gbogbo títì dákẹ́.

Wọ́n fà mí jáde. Ẹnu ẹ̀rọ kan wà létí títì tí àwọn panápaná máa ń fa omi níbẹ̀, orí páìpù náà gan-an ló jókòó sí. Mo ní kí Ẹnjiníà wọn ọ̀nà látorí ìlà ẹfun débẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Ogún mítà. Mo ní, "Ó dáa. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró ti Pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ bí tìgbà yín ló ń ka nǹkan, mẹ́rin lẹ máa rí, torí mẹ́rin lọ́nà márùn-ún ni ogún. Bó bá jẹ́ tèmi, ogójì lẹ máa rí." Bàbá lọ. Ẹlòmíì ti wọ ihò ìparí lọ di etí tèmi mú.

Mo gbé sípánà ńlá, mo fi gbogbo ìbínú mi lu irin yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ń wo Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ orí sórí ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun, irin tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi dáhùn: kò, kò, kò. Ọkọ mi gbọ́ mi! Ó ti ń kàn án látọ̀sán tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo bú sẹ́kún, mo ń pe orúkọ tí mo máa ń pè é ní yàrá níta gbangba, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

"Ogójì ni," Pẹ̀lẹ́ pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó sáré. "Ogójì! Tó bá jẹ́ ti Bàbá, igba mítà nìyẹn, a ti jáde ládùúgbò!"

Bàbá ò kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ṣáà ń wo nọ́ńbà yẹn. Ẹnjiníà ti ń ju ọwọ́ sí awakọ̀, katapílà yí padà, ó ń sáré bọ̀ lórí títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá òpó iná. Mítà mẹ́fà sí ìlà ẹfun. Mo fi ẹsẹ̀ mi fúnra mi fa ìlà síbi tí wọ́n máa gbẹ́.

Ṣùgbọ́n àkókò tá a ti fi gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́ ò lè padà. Ẹnjiníà ń wo aago, ó ń fi í pamọ́ sábẹ́ apá ẹ̀wù kí n má bàa rí i. Bàbá lọ kúnlẹ̀ sídìí ẹnu ẹ̀rọ panápaná, ó fi ọ̀pá tì í, ó gbé etí lé e. Ariwo katapílà bo gbogbo nǹkan, mi ò mọ ohun tó lè gbọ́, ṣùgbọ́n bí etí kan bá wà láyé tó lè gbọ́ ọ, tiẹ̀ ni. Mo ń wo ojú ẹ̀. Ó ń mi orí bí ìró bá wọlé. Ó mì í. Ó pẹ́, ó tún mì í. Nígbà tó yá, kò mì í mọ́.

Mo ní, "Bàbá?"

Ó ní, "Ó ti dákẹ́."

Mo já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, mo wọnú kòtò, èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin, a ń wa ìyókù lọ́wọ́ kí katapílà má bàa wó bíríkì lé e. Èékánná mi ya. Ẹnì kan lu bíríkì, ó dún bí òfìfo. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n yọ méjì, afẹ́fẹ́ gbígbóná tú sí wa lójú. Mo tan iná sínú ẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀, orí ẹ̀ fara ti páìpù, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló fi jìnnà sí wa. Wọ́n fà á jáde, ara ẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀. Dókítà tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ aláìsàn gbé nǹkan bò ó nímú, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Mo ń gbá a lẹ́sẹ̀, mo ń bú u: "O ò gbọdọ̀ dán an wò! Mo ní o ò gbọdọ̀!" Ó wúkọ́. Dókítà ní kí n yéé gbá aláìsàn òun.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó jẹ́ ká wọlé bá a ní ọsibítù. Yàrá kékeré kan ni, fèrèsé ẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jókòó. Ó ti gbàgbé ọ̀pá ẹ̀ sọ́hùn-ún, mo kíyè sí i pé ọwọ́ ẹ̀ ń wá nǹkan tó máa dì mú. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wojú ẹ̀.

Ọkọ mi la ojú. Ohùn ẹ̀ ti há. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni mo lò níbẹ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ wo? Kò pé wákàtí mẹ́ta."

Ó wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mò ń pa. Ó ní, "Ta ló wá mi rí?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: arúgbó ni, ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìkà wo ni kí n wá ṣe? Mo tún aṣọ ìbora ọkọ mi ṣe. Mo ní, "Bàbá ẹ ni. Bí wọ́n ṣe dé báyìí, wọ́n nawọ́ síbi tó o wà."

"Irọ́ ni."

Bàbá ti wọlé. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú lọ́wọ́ méjèèjì, omi ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún.

"Irọ́ ló ń pa fún ẹ, torí mi ni. Ibi tí o ò sí ni mo ní kí wọ́n máa gbẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde. Ó ní kí n dúró, mo ní kó má dójú tì mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ká ní ìyàwó ẹ bọ̀wọ̀ fún mi lónìí ni, òkú ẹ là bá máa gbé."

Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mú Bàbá lọ́wọ́, mo fi wọ́n jókòó sí i.